Ayàwòrán tí Kò Ní Ọ̀gá: Ìtàn Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere

Nínú irú ìwé ìrántí báyìí, ojú àwọn tí ó ti ṣáájú wa lọ ni ènìyàn kọ́kọ́ ń wá. A ó ṣí i, a ó fi ìka tọ́ka, a ó sì wí pé: "Bàbá Lágbájá nì yìí, ìyá Tàmẹ̀dù nì yẹn." Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ nígbà tí a ń ya àwòrán náà, tàbí bí ó ti ṣe mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó lo ọgọ́ta ọdún ó lé lẹ́nu iṣẹ́ àwòrán, tí ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ náà, tí ó sì fi sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè yìí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kò fi sílẹ̀ irú rẹ̀.

Iṣẹ́ fọ́tò kò pẹ́ kí ó tó dé etí òkun wa. Ní ọdún 1839 ni a fi iṣẹ́ ọwọ́ Daguerre han aráyé ní ìlú Paris. Kí àádọ́ta ọdún tó pé lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti ń fi í jẹun ní àwọn ìlú ńláńlá etí òkun. Ó sì yẹ kí àwa ọmọ ìjọ Áńgílíkà mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn onífọ́tò Èkó ìgbà àtijọ́, tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́, inú ilé wa ni ó ti jáde. Ọgbẹ́ni George S. A. da Costa, tí a bí ní Èkó ní 1853, ni ó ṣe alábòójútó Ilé-Ìtàwé C.M.S. ní Èkó láti 1877 títí di 1895. Lẹ́yìn èyí ni ó fi ìwé títà sílẹ̀, tí ó sì sọ àwòrán yíyà di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọkùnrin náà ti tó ẹni nǹkan bí ọdún 42 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Àwọn àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé ńlá tí Allister Macmillan tẹ̀ jáde ní 1920 nípa ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá sì ń wá bí Èkó ti rí ní ìgbà náà, ojú da Costa ni wọ́n fi ń rí i láìmọ̀.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi wọ ìlú wa bí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti iṣẹ́ aránṣọ ti wọ̀ ọ́. Bàbá yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ bá onífọ́tò, wọn yóò ṣe àdéhùn, ọmọ náà yóò gbálẹ̀, yóò pọn omi, yóò ru ẹ̀rọ, títí ọdún tí a dá fún un yóò fi pé, tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, tí yóò sì gba fíríìdọ̀mù. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní ìgbà náà rántí wọn dáadáa: kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, aṣọ dúdú tí ọ̀gá ń ki orí bọ̀, aṣọ títa tí a kun ọ̀dà sí lẹ́yìn ẹni tí ó jókòó, àti ọmọ-iṣẹ́ tí ń ké sí wa pé kí a má ṣe mira. Òyìnbó ayàwòrán kan, Stephen Sprague, gbé ìlú Ìlá-Ọ̀ràngún láti wo bí àwọn onífọ́tò ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1978. Ohun tí ó rí ni ohun tí gbogbo wa mọ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀, pé àgbàlagbà Yorùbá kì í ya àwòrán bí ẹni tí a bá lójijì. Yóò wọ aṣọ tí ó dára jù, yóò jókòó gbọnin, yóò kọjú sí ẹ̀rọ, yóò gbé ọwọ́ lé itan, ojú rẹ̀ yóò sì rọlẹ̀ bí ojú ẹni tí ó mọ ipò ara rẹ̀. Ó tún rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, a máa ń ya èyí tí ó kù, a ó sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì lè jókòó papọ̀. Ẹ̀yin àlúfáà wa lè ní ohun tí ẹ ó sọ sí èyí. Àwa kò rí i bí ohun tí a lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìyá tí ó sin ọmọ kan nínú méjì ni ó san owó àwòrán náà.

Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyẹn nígbà tí ẹni tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ wọ inú rẹ̀, kò sì gba ọ̀nà tí àwọn tí ó kù gbà.

A bí Johnson Donatus 'Okhai Ojeikere ní ọdún 1930 ní Ovbiomu-Emai, abúlé kan ní apá Ọ̀wàn tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn àti Èkó ni ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ jù. Ní 1950, nígbà tí ó di ẹni ogún ọdún, ó ra kámẹ́rà kan tí a ń pè ní Brownie D. Aládùúgbò rẹ̀ kan ni ó gbà á nímọ̀ràn, òun náà ni ó sì fi ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà hàn án. A ń tẹnu mọ́ èyí, nítorí àwọn ènìyàn ń gbọ́ pé ẹnì kan kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, wọn a sì rò pé ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ ni ẹni tí kò sí ọ̀gá tí ó lè lù ú, tí kò sí àdéhùn tí ó dè é, tí kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni yóò dìde láti wí fún un pé ó ti mọ iṣẹ́ náà tó. Ìyókù ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó wà. Àwa kò rò pé ọ̀nà yìí rọrùn ju ti ọmọ-iṣẹ́ lọ. Ó ṣòro jù ú lọ.

Brownie jẹ́ àpótí kékeré. Ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1900, tí wọ́n sì ń tà á ní dọ́là kan péré, kí ọmọdé pàápàá lè rí i rà. Èyí tí Ojeikere rà kò ní iná. Ojú rẹ̀ dúró sí ibì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán 8 péré ni ó ń gbà lórí fíìmù kan. Ẹni tí ó bá ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́ oòrùn bí àgbẹ̀ ti ń kọ́ òjò. Yóò mọ wákàtí tí ìmọ́lẹ̀ rọ̀, yóò mọ ibi tí òjìji ilé ń bọ́ sí, yóò mọ bí a ti ń wí fún àgbàlagbà pé kí ó dúró jẹ́ẹ́ láìjẹ́ pé ó fi ara rẹ̀ ṣe ẹni tí ń pàṣẹ fún un. Àwòrán 8, bí ó bá sì ba 3 jẹ́, owó ni ó bàjẹ́. A gbàgbọ́ pé nínú àìtó yìí ni sùúrù tí a ó rí nínú iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà ti bẹ̀rẹ̀.

Yíyà nìkan kọ́ sì ni iṣẹ́ fọ́tò. Kò sí ẹni tí ó lè pe ara rẹ̀ ní onífọ́tò ní ìgbà náà bí kò bá lè fọ fíìmù. Nínú yàrá òkùnkùn ni a ti ń ṣe é. A ó ki fíìmù bọ inú omi oògùn tí ń mú àwòrán yọ, a ó gbé e sínú èkejì tí ń mú un dúró, a ó sì fi omi tútù ṣàn án pẹ́ títí. Ohun tí ó funfun yóò dúdú, ohun tí ó dúdú yóò sì funfun. Ìyẹn ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní négátíìfù. Ìgbà tí a bá tan ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá sórí ìwé ni ojú ènìyàn yóò tó padà sí bí Ọlọ́run ti dá a. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí omi ń móoru láti òwúrọ̀, tí oògùn sì ń yára ṣiṣẹ́ ju bí a ti kọ ọ́ sára ìdì rẹ̀ lọ, ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìwé òyìnbó nìkan yóò ba fíìmù púpọ̀ jẹ́.

Ojeikere mọ̀ pé ohun tí ó kù fún òun láti mọ̀ wà nínú yàrá òkùnkùn. Ní 1951 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Ilé-iṣẹ́ Ìròyìn ti ìjọba ní Ìbàdàn, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba òun bí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn wọn. Kò bèèrè ipò ayàwòrán. Ibi tí ó kéré jù ni ó bèèrè. Wọn kò gbà á, ó sì tún kọ. Ó kọ, ó tún kọ. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní 1954 wọ́n pè é, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, tí ẹ ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí ọkàn yín sì ń rẹ̀wẹ̀sì, ẹ wo iye ọdún tí ó wà láàárín 1951 àti 1954.

Ìlú Ìbàdàn tí ó dé yìí, ìlú tí ń jí ni. Yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti 1948. Ní 1955 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ní 1959 ilé telifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ inú yàrá òkùnkùn kì í jáde lọ sí ibi tí ọwọ́ ti ń pàtẹ́. Fíìmù tí àwọn ẹlòmíràn yà ni a ń kó wá fún un. Ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà, nítorí ẹni tí ó bá ń fọ fíìmù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí àṣìṣe gbogbo wọn lójoojúmọ́, kò sì san owó fún ọ̀kan nínú wọn. Ní 1961 ó di ayàwòrán ní ilé telifíṣọ̀n Ìbàdàn. Ní 1963 ó lọ sí Èkó, sí ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà tí a ń pè ní West Africa Publicity, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1975. Iṣẹ́ ìpolówó ni ó fi ń bọ́ ilé rẹ̀. A kò ní dúró pẹ́ lórí èyí. Ọṣẹ àti bísíkíìtì kọ́ ni a fi ń rántí rẹ̀.

Ní 1967 ó wọ Ẹgbẹ́ Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́-Ọnà Nàìjíríà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jó lọ ní apá ìlà-oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò rán an, tí ẹnikẹ́ni kò sì sanwó rẹ̀ fún un. Ó ń ya irun orí àwọn obìnrin.

Ó ṣeé ṣe kí àlejò wa tí ó ti òkè òkun wá rò pé ohun kékeré ni èyí. Kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Irun àwọn obìnrin wa, iṣẹ́ ọwọ́ ni. A ń dì í, a sì ń kó o. Irun dídì, ìka ọwọ́ nìkan ni ó ń ṣe é. Irun kíkó, òwú dúdú ni a ń fi wé e títí yóò fi le, tí a ó fi lè tẹ̀ ẹ́ síbí sọ́hùn-ún bí alágbẹ̀dẹ ti ń tẹ irin. Ṣùkú ń kó gbogbo ẹsẹ̀ irun jọ sí àárín orí bí agbọ̀n. Pàtẹ́wọ́ ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá pàdé bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Kòrobá wà, kọjúsọ́kọ wà, ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ wà. Bí ọ̀ràn ìlú bá ti yí padà, irun náà ń yí. Nígbà tí àwọn ilé alájà púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní Èkó, irun onílé-gogoro yọ sórí àwọn obìnrin. Nígbà tí ogun sì dúró ní 1970, irun kan jáde tí a ń pè ní Ogun Parí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn obìnrin ń sọ láàárín ara wọn ní ọdún wọ̀nyẹn, ìwé ìròyìn kò lè sọ fún un tó irun orí wọn.

Ẹ wò ó nísinsìnyí: ọ̀sẹ̀ méjì, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó tú irun náà. Aṣọ òfì ń wà nínú àpótí fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ère igi, bí ikán kò bá jẹ ẹ́, yóò bá ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ onídìrí, ọjọ́ tí ó parí gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Wíìgì sì ti dé láti òkè òkun, àwọn kan sì ń fi irin gbígbóná na irun wọn. Ojeikere rí i pé ohun tí ó wà lórí gbogbo obìnrin tí ó bá kọjá lójú pópó lè lọ tán láìsí ẹni tí yóò lè sọ bí ó ti rí. Ó ń yà wọ́n lójú ọ̀nà, ní ibi iṣẹ́, ní ibi àsè, ó sì ń pe àwọn mìíràn wá jókòó fún un. Nígbà tí yóò fi dá ọwọ́ dúró, àwòrán irun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000, ó sì ń kọ orúkọ irun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ: Onílé Gogoro tàbí Àkàbà, Star Koroba, Abẹ̀bẹ̀, àti Mkpuk Eba tí kì í ṣe ti Yorùbá.

Ọ̀nà tí ó gbà yà wọ́n ni ó yà á sọ́tọ̀. A ti sọ bí àgbàlagbà wa ti ń kọjú sí ẹ̀rọ gbọnin. Ojeikere yí àwọn obìnrin náà padà. Ẹ̀yìn orí ni ó ń yà jù, nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣọ̀wọ́n kí ó ya iwájú. Kò fi ohunkóhun sí ẹ̀yìn wọn, kò sí aṣọ tí a kun ọ̀dà sí, kò sí àga, kò sí òdòdó. Dúdú àti funfun nìkan ni. Ọrùn, etí, ìlà tí a fi òòyà là, irun tí ó dìde bí òpó ilé, ìyókù jẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ó dáadáa yóò rí àyè tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ irun kan àti èkejì, yóò sì mọ̀ pé ọwọ́ tí ó dì í kò gbọ̀n. Nínú gbogbo àwòrán tí a ti rí ní ọjọ́ ayé wa, a kò rí èyí tí ó bu ọlá fún onídìrí tó báyìí.

Àwa ará ilé ìjọ ní ìdí tiwa láti ronú sí ọ̀ràn yìí. Gbogbo wa mọ ohun tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa orí obìnrin nínú ìsìn. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe ń wé gèlè wọ ilé Ọlọ́run, nínú gbogbo àwòrán ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí a so mọ́ ògiri yàrá àlùfáà kárí ilẹ̀ yìí, gèlè àti fìlà ni a sì ń rí. Irun tí wọ́n dì ní Sátidé nítorí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, a kò rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. A kò sọ èyí láti bá àwọn àgbà wí. Ó kàn jẹ́ pé bí kò bá ṣe ti irú iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe, ọmọ-ọmọ wa ìbá rò pé àwọn ìyá ńlá wọn kò ní irun.

Ohun kan wà síbẹ̀ tí kò tẹ́ wa lọ́rùn nínú iṣẹ́ ńlá náà, a ó sì sọ ọ́, nítorí òpìtàn tí ó bá ń yìn láìdúró, oríkì ni ó ń ki. Orúkọ irun ni ó wà lórí àwọn àwòrán náà. Orúkọ àwọn obìnrin kò sí níbẹ̀. Orúkọ àwọn onídìrí kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. A mọ̀ pé irun ni ó ń wá, a sì mọ̀ pé ẹni tí a yà láti ẹ̀yìn kò fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún títà. Síbẹ̀, obìnrin tí ó jókòó fún wákàtí mẹ́rin láàárín eékún onídìrí, tí ó sì tún dúró fún ayàwòrán, ènìyàn ni. Ó ní ìyá, ó ní ilé. Ta ni ó lè bá Ojeikere wí pátápátá nígbà tí àwa fúnra wa kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó ní àpótí tí ó kún fún àwòrán àwọn akọrin àti àwọn ọmọ ìfẹsẹ̀múlẹ̀, tí a kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀yìn wọn. Àwọn tí ó lè dá wọn mọ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń sin wọ́n pẹ̀lú orúkọ ogójì ènìyàn lẹ́nu wọn.

Nígbà mìíràn, orúkọ ayàwòrán gan-an ni ó ń sọnù. Ẹlòmíràn wà ní ìlú Bamako, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mali nísinsìnyí, Seydou Keïta ni orúkọ rẹ̀. Káfíńtà ni. Ní 1935, arákùnrin bàbá rẹ̀ fún un ní Brownie kan, irú àpótí tí Ojeikere náà rà lẹ́yìn ọdún 15. Òun náà kọ́ ara rẹ̀, ó sì bẹ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan kí ó fi ìfọ fíìmù hàn án. Ní 1948 ó ṣí ibi ìyàwòrán tirẹ̀. Aṣọ ìtẹ́bùsùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ta sí ẹ̀yìn àwọn oníbàárà, gbogbo Bamako sì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ títí ìjọba fi pè é ní 1962 láti máa ya àwòrán fún wọn. Ní 1991 a gbé àwọn àwòrán rẹ̀ hàn ní New York, a sì kọ sí abẹ́ wọn pé a kò mọ ẹni tí ó yà wọ́n. Keïta wà láàyè ní Bamako ní ọjọ́ náà. Ní 1994 ni a tó ṣe àfihàn ńlá fún un ní Paris lórí orúkọ rẹ̀, ó sì kú ní 2001. Bí ọkùnrin yìí kò bá tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún négátíìfù rẹ̀, kò sí ẹ̀rí tí ìbá fi hàn pé òun ni ó ni iṣẹ́ náà. Àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá.

Títọ́jú nǹkan yìí kan náà ni ó gba Ojeikere là. Ní 1975 ó kúrò lábẹ́ ẹlòmíràn, ó ṣí ibi iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó pè ní Foto Ojeikere. Lójoojúmọ́ ni ó ń ya ohun tí oníbàárà fẹ́, irun sì ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ya àwọn ilé pẹ̀lú, ó ya ayẹyẹ, ó sì to fíìmù wọn jọ bí akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ti ń to ìwé. Ẹni tí ó bá mọ ojú ọjọ́ Èkó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀rinrin ń wọ ibi gbogbo, àwọ̀ funfun ń hù sára fíìmù, aáyán ń jẹ ìwé. Iná mànàmáná kò sì dúró ní ọ̀gangan kan tí ènìyàn ìbá fi lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ atútù. Mélòó nínú àwọn onífọ́tò wa ni ó ti kú, tí àwọn ọmọ sì kó fíìmù wọn dànù kí wọ́n lè rí yàrá fi sílẹ̀ fún ayálégbé? Ojeikere ń tọ́jú tirẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ẹni tí ń bèèrè wọn.

Ní ọdún 2000 ni wọ́n bèèrè. Ilé Cartier ní Paris ṣe àfihàn àwòrán rẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé nípa rẹ̀. Ọkùnrin tí ó ra Brownie ní 1950 ti di ẹni 70 ọdún. Ní 2007 a gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí àfihàn ńlá ìlú Kassel ní Jámánì, ní 2011 sí Helsinki, ní 2013 sí Venice ní ilẹ̀ Ítálì. A kò kórìíra èyí, ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò lè ṣàì dùn wá díẹ̀ pé àwọn ará Paris ti fi àwòrán ṣùkú ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń di ṣùkú tó gbọ́ orúkọ ẹni tí ó yà á.

Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ògo yìí. Ní 2004, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó tún ń ya gèlè. Ó ya bí a ti ń ṣẹ́ ẹ, bí a ti ń tẹ̀ ẹ́, bí ó ti ń dìde lórí obìnrin bí ìyẹ́ apá ẹyẹ, ojú tí ó fi wo irun ní 1968 ni ó sì fi wò ó. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2014 ni ó kú, ẹni ọdún 83. Ọmọ rẹ̀ kan ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní ọdún 2014 náà ni ìwé ńlá kan jáde ní Èkó lórí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí olóògbé Bisi Silva ṣe olóòtú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́-ọnà tí obìnrin náà dá sílẹ̀. Òun náà sì kú ní 2019. Ìwé náà wúwo lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá rí i kí ó ṣí i láti àárín, kí ó sì pe àwọn ìyá àgbà ilé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí wọn yóò máa dárúkọ irun tí kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé.